Má Tíì Lọ Wo Fíìmù Náà

                                        Yàrá òkè,
                                        Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù alátùn-únṣe rédíò,
                                        Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ẹlẹ́rìn-ín mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń fi ìdí wọ́ kiri ilé? Bàbá ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ilé búrẹ́dì ńkọ́, ṣé ooru ààrò yẹn ò tíì yan ìwọ náà mọ́ búrẹ́dì? Àwa náà wà. Ọkọ mi ní kí n kí ọ dáadáa. Ó ní òun ò tíì gbàgbé bó o ṣe jó níbi ìgbéyàwó wa títí bàtà rẹ fi já.

Kí o tó ka ìyókù, ohun kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. O kọ̀wé pé fíìmù Ìlú Abẹ́ Adágún ń bọ̀ ní sinimá tó wà lọ́dọ̀ yín, àti pé ìwọ àti àwọn ará ibi iṣẹ́ yín fẹ́ lọ wò ó. Jọ̀ọ́, má tíì lọ. Mo mọ bó o ṣe fẹ́ràn ìwé tí wọ́n fi ṣe é tó. Kì í ṣe ìlara ni mo ń ṣe. Tó o bá kà á dé ìsàlẹ̀, wàá mọ ìdí rẹ̀.

Ṣó o rántí orin atukọ̀ inú ìwé náà? Níbi tí obìnrin yẹn ti ń fi ọkọ̀ kó àwọn tí omi gbé lọ padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan? Ọ̀rọ̀ orin nìkan ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, wọn ò sọ ohùn tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ìwọ àti èmi la wá ohùn fún un. Orí ilẹ̀ yàrá tí màmá mi ti ń lọṣọ fáwọn oníbàárà la máa ń jókòó sí kàwé, tí ṣẹ́ẹ̀tì olówó máa ń fì lókè orí wa. Màmá ní ohùn orin kan tí wọ́n máa ń kùn tí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Wọ́n ní ohun tí ìyá àwọn fi ń rẹ àwọn lẹ́kún nìyẹn. Ìwọ lo kọ́kọ́ fò sókè pé, "Jẹ́jẹ́, gbọ́! Ó bá orin atukọ̀ mu!" La bá bẹ̀rẹ̀. Màmá ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má jí orin mi gbé o." Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn náà ń fi ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ ọ́. Wọn ò mọ adágún, wọn ò mọ atukọ̀, wọn ò ka ojú ìwé kan rí, síbẹ̀ wọ́n ń kọ ọ́.

O wà níbẹ̀ nígbà tí Màmá lọ. Ìgbéyàwó wa ò tíì pẹ́ rárá. O rí i pé n kò sunkún. Títí di òní, mi ò tíì sun ún. Àwọn kan ní ọkàn mi le. Kò le o, ọ̀rẹ́ mi. Ó dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́ títí tó fi kú. Mo mọ̀ pé ó wà, àmọ́ tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, mi ò lè mọ̀. Mo ń se oúnjẹ, mo ń gbálẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dára sí mi gan-an. Mo ń rí i pé ó dára. Ibi tó yẹ kí inú mi ti máa dùn sí i ni mi ò rí.

Mo fẹ́ sọ bọ́rọ̀ fíìmù ṣe jẹ́. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi máa ń di ibi ìpàdé àwọn tó fẹ́ràn ìtàn bíi ti Ìlú Abẹ́ Adágún. Wọn ò pọ̀. Wẹ́dà kan wà, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ń jó irin pọ̀, tó ti ka ìwé náà títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi bọ́. Onídìrí òdìkejì títì wà níbẹ̀. Bàbá Awakọ̀ náà wà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àwọn wa bọ́ọ̀sì títí àwọn fi darúgbó kí àwọn tó mọ̀ pé ìtàn iwin ló yẹ kí àwọn ti máa kà. Àárín rédíò tí wọ́n ti tú inú wọn ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n á máa jà lórí ẹni tí kò sí láyé rí. Èmi máa ń jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyàwó ni gbogbo wọn ń pè mí.

Wọ́n ní àṣà kan. Tí wọ́n bá ti fi ìwé tí wọ́n fẹ́ràn ṣe fíìmù, wọn kì í wo fíìmù náà kí kálukú tó kọ orin inú ìwé bó ṣe ń gbọ́ ọ nínú orí ara rẹ̀. Wọ́n á gbà á sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Wẹ́dà ní téèyàn bá ti gbọ́ ti fíìmù pẹ́rẹ́n, tirẹ̀ parí nìyẹn. Mo rò pé eré ni.

Ọjọ́ tí fídíò Ìlú Abẹ́ Adágún dé ọwọ́ ọkọ mi, tó tún máa ń yá àwọn oníbàárà ní fídíò, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Onídìrí kọ tirẹ̀ bí orin ijó. Wẹ́dà kígbe tirẹ̀ bí ẹni tó wà lórí òrùlé, onídìrí sì ní, "Arákùnrin, ṣé òkú lò ń gbé bọ̀ wálé ni, àbí kẹrosíìnì lò ń polówó?" Bàbá Awakọ̀ fi ohùn orin tí wọ́n kọ́ nílé ìwé nígbà tí wọ́n wà ní kékeré kọ tiwọn. Ó wá kàn mí.

Orin Màmá wà lẹ́nu mi nígbà náà. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, o mọ̀ mí, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí n bọ́ aṣọ láàárín wọn. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fò mí. Tó o bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn, lẹ́yìn Bàbá Awakọ̀, àga mi lo máa gbọ́ tó ń dún, lẹ́yìn náà ohùn Wẹ́dà: "Ẹ fi í sílẹ̀, ojú ń ti ìyàwó wa." Ó tán.

La bá wo fíìmù. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó dára. Nígbà tó kan orin atukọ̀, fèrè kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin sì gbè é lábẹ́ omi, ó rọra ń bọ̀, ó rọra ń bọ̀. Nígbà tó parí, ìjà bẹ́. Wẹ́dà ní wọ́n ti pa ìwé náà run, pé níbo ni wọ́n gbé àbúrò atukọ̀ sí. Onídìrí ní ìwé ọ̀hún ti gùn jù tẹ́lẹ̀, pé òǹkọ̀wé náà á fi odindi ojú ewé júwe ilẹ̀kùn, nínú fíìmù wọ́n kàn ṣí i, wọ́n wọlé. Bàbá Awakọ̀ ní kò sẹ́ni tó jókòó dá orin yẹn sílẹ̀, pé orin àwọn àgbà ibì kan ni, ohun tí ìyá kan fi ń rẹ ọmọ.

Wẹ́dà ní, "Ta ló wá ni ín, Bàbá?"

Wọ́n ní, "Ẹni tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Nígbà tí onídìrí tún ní, "Ìyàwó, jẹ́ ká gbọ́ tìẹ náà, ìtìjú ti tó," mo dìde. Mo la ẹnu, ti fíìmù ló jáde. Mo dúró, mo tún un bẹ̀rẹ̀, ti fíìmù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ibi. Wẹ́dà ní, "Ẹ wò ó, fíìmù ti gba tirẹ̀!" Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, mi ò rí ohùn orin Màmá mọ́. Mo gbé áyọ́ọ̀nù síná, mo kó gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi jáde. Ọwọ́ mi mọ ibi tí Màmá ti máa ń mí, níbi tí wọ́n bá ti ń yí kọ́là padà. Ó mọ ibi tí wọ́n ti máa ń fà á gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá aṣọ. Gbogbo ibi tó yẹ kí ohùn náà wà ni mo mọ̀. Ohùn náà ni kò sí. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì tán, mo lọ aṣọ ìdáná, mo lọ àkísà tí ọkọ mi fi ń nu rédíò. Ó wọlé, ó ń wo àkísà tí ìlà áyọ́ọ̀nù wà lára rẹ̀ bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá, ó ní, "Ìyàwó mi, ta ni àkísà yìí fẹ́ lọ kí?" Mo sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fídíò yẹn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà bá bèèrè, á ní ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ti ń súfèé orin inú rẹ̀.

Mi ò sunkún lórí ìyẹn náà. Àmọ́ ìwọ ni mò ń sọ fún: mo lérò pé tí mo bá gbọ́ ohùn yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹsẹ̀ tó kú yìí á jí. Kó dùn mí bó ṣe fẹ́. Èmi nìkan ni Màmá bí, ìyá wọn sì ti lọ tipẹ́. Ìwọ nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ní kí o má tíì lọ wò ó nìyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá ń kọ orin fíìmù náà ní ilé búrẹ́dì, jọ̀ọ́, di etí, kódà kí ìyẹ̀fun wọ̀ ọ́ létí.

Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀sì àárọ̀ ni màá wọ̀. Ọkọ mi ti tún rédíò kékeré kan ṣe tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì ti fi hàn mí lemọ́lemọ́ ibi tí mo máa tẹ̀. Tó o bá ti kọ orin Màmá sínú rẹ̀ tán, ká jọ lọ sí sinimá náà. Èmi ni màá sanwó, màá sì bá ẹ jà lórí àbúrò atukọ̀.

Bá mi kí ìyá rẹ, kí wọ́n má wulẹ̀ dìde torí mi. Bá mi kí bàbá ọmọ. Fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi.

Tó bá sì jẹ́ pé o ti lọ wò ó kí lẹ́tà yìí tó dé, má kọ èsì láti sọ fún mi. Jẹ́ kí n máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ ni kí n ti mọ̀.

Ẹni rẹ ṣì ni mí, bó ti wù kó rí,

Jẹ́jẹ́.