Ọmú Tí Kò Mọ̀ Pé Ọmọ Ti Lọ

                                        Yàrá Òkè,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ta ni omi ọyàn ń sun fún nígbà tí ọmọ ti lọ? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín. Ṣé ara yín le? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé?

Ẹ ti gbọ́ lórí fóònù pé ibà gba ọmọ wa lọ́wọ́ wa, kò tíì rẹ́rìn-ín rí. Ohun tó tẹ̀lé e ni n kò rí ẹnu sọ.

Àwọn ará ìjọ kún yàrá títí tí àwọn kan fi jókòó sórí àpótí tí ìyàwó mi máa ń jókòó lé ránṣọ. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi yẹn gan-an ni mo fẹ́. Alàgbà kan ní Ọlọ́run ní ìdí tó fi ṣe é. Mo ṣe àmín, torí ẹnu àgbà ni. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ní kó sọ ìdí náà kí n gbọ́. Ẹ mọ̀ pé ìwé tí mo ti kà kò kéré. Kò sí èyí tó dá mi lóhùn.

Ìyàwó mi kò sunkún. Aṣọ ló ń pààrọ̀ ṣáá, torí ọmú kò mọ̀ pé ọmọ ti lọ.

Ìyàwó bíríkìlà tó ń gbé nísàlẹ̀ wa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ṣì wà ní ọsibítù. Ọmọ wà nílé, kò gba wàrà inú agolo. Bàbá rẹ̀ a máa gbé e bí ẹni gbé búlọ́ọ̀kù tí kò tíì gbẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà figbe ta, kò dákẹ́. Lójú mi báyìí ni iwájú aṣọ ìyàwó mi rin gbingbin. Ó dìde. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmú ọmọ wa nìyẹn," mo ní.

"Ọmọ wa kò béèrè rẹ̀ mọ́. Ẹ yà fún mi, olówó orí mi."

Mo yà, mo sì tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀. Ó gba ọmọ náà, ó fún un lọ́mú. Bíríkìlà kò mọ ibi tó máa wò. Ó kọjú sí ògiri, ó ń wí pé, "Ẹ ṣé, mà, ẹ ṣé, mà," bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ símẹ́ńtì.

Nígbà tí a padà dé òkè, mo fẹ́ tù ú nínú. Mo ní bóyá ìdí tí alàgbà ń sọ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi, ojú tó fi wò mí!

"Ẹ má sọ ọ́ mọ́ láé. Ọlọ́run tí mò ń sìn kì í pa ọmọ kan kí òmíràn lè rí ọmú mu."

"Kí wá ni ìtumọ̀ ìyà yìí?"

"N ò mọ̀. Jésù náà béèrè ìdí lórí igi àgbélébùú, ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nínú ìrora yẹn náà ló ti ń wá ẹni tó máa mójú tó ìyá rẹ̀. Ibi tí mo rí dì mú nìyẹn."

Láti ìgbà náà ló ti ń sọ̀kalẹ̀, tó ń gòkè. Mo máa ń gbọ́ tó ń kọrin fún ọmọ ọlọ́mọ, inú mi a sì máa ta mí bíi ti òjòwú.

Àná ni ìyá ọmọ dé. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó gba ọmọ rẹ̀. Ìyàwó mi gun àtẹ̀gùn wá, apá rẹ̀ ṣì ká bí ẹni gbé nǹkan. Ó fi ọ̀já tí kò fi pọn ọmọ rí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun fi di àyà le, kí omi ọyàn lè gbẹ. Bí mo ṣe ń ta kókó rẹ̀ ni ó bú sẹ́kún. Ó ní kí n gbàdúrà. Mo ní "Olúwa," ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu mi. Mo wá ọ̀rọ̀ kejì títí, n kò rí i. Ó gbé orí lé èjìká mi, ó ní, "Àmín."

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ̀ bóyá àdúrà nìyẹn. Ẹ bá mi parí rẹ̀.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, kí ẹ sì kí ìyá àgbà tó wà ní ojúlé kejì sí yín. Ìyàwó mi ti sùn. Ilẹ̀ ti mọ́, mo ti pa fìtílà.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ẹ pọ̀n dàgbà,
                                        Bàbá Ìbéèrè, bí ẹ ṣe máa ń pè mí.