Mo Yí Àwòrán Bàbá Padà

                                        Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ọmọ ọwọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ẹsẹ̀ Màmá yín tó ń wú nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn ńkọ́, ṣé ó ti fà? Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín, pé Alágídí kì í béèrè àlàáfíà tó báyìí àfi tó bá ti ba nǹkan jẹ́. O ò purọ́. Mo ti bà á jẹ́.

O rántí fíìmù kékeré tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá mi, nípa aránṣọ tó ń dágbére fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ lọ sí ìdálẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣe aránṣọ náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe ọmọ rẹ̀ kò wá, ìwọ lo sì ní kí a fi gèlè kọ́ sẹ́yìn àga, kí Bàbá máa bá gèlè sọ̀rọ̀. Inú bí i díẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ránṣọ, aṣọ kò dá òun lóhùn rí. Àmọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ìwọ gan-an nu ojú.

Lẹ́yìn tí o rìnrìn àjò, èmi nìkan ni mo ya ọmọbìnrin náà. O ti kìlọ̀ fún mi pé kí n fojú inú ta okùn láàárín àwọn méjèèjì, kí kámẹ́rà má ṣe fò ó. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ dára lápá fèrèsé, ni mo bá gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀. Àfọwọ́fà gbáà ni. Nígbà tí mo tò ó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ọ̀tún ni Bàbá ń wò, ọwọ́ ọ̀tún náà ni ọmọ ń wò. Wọ́n dà bí èèyàn méjì tó ń dúró de bọ́ọ̀sì kan náà.

Mo ní kò burú, a ó tún Bàbá yà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ohùn rẹ̀ sì lọ. Dókítà ní bóyá ni ọ̀rọ̀ máa padà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin inú fíìmù yẹn ni gbogbo ohùn Bàbá tó kù fún wa, Màmá mi sì ń béèrè lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni òun máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ òun.

Mo lo gbogbo ohun tí o kọ́ mi. Mo fi àwòrán ọwọ́ Bàbá tó ń gé aṣọ bo ojú ibẹ̀, kò gùn tó. Mo wá àwòrán tí àwọn méjèèjì jọ wà. Kò sí, nítorí wọn kò jókòó pọ̀ rí. Ọmọbìnrin náà ti rìnrìn àjò, ó sì ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wá ku ọgbọ́n kan: kí n yí àwòrán ẹnì kan padà, kí òsì di ọ̀tún. Kàlẹ́ńdà wà lẹ́yìn ọmọbìnrin náà, gbogbo èèyàn ni yóò rí i pé ìwé ara rẹ̀ ti yí sódì. Ẹ̀yìn Bàbá, ògiri lásán ni. Mo bá yí Bàbá. Lójú ẹsẹ̀, bàbá àti ọmọ kọjú síra wọn. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Lánàá, mo gbé e lọ bá wọn ní yàrá. Màmá sunkún, ó ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Àmọ́ Bàbá kò wo ojú ara rẹ̀ rárá, àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló ń wò. Ṣẹ́ẹ̀tì yẹn náà ló wà lọ́rùn rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán an. Lápá ọ̀tún ni bọ́tìnnì ọkùnrin máa ń wà, ti obìnrin ló ń wà lósì. Nínú fíìmù, bọ́tìnnì Bàbá ti bọ́ sí òsì. Odindi oṣù kan ni mo fi jókòó ti fíìmù yẹn, mi ò rí i.

Ó fi ọwọ́ òsì tó kù ú kù kan bọ́tìnnì àyà rẹ̀, ó wo fíìmù, ó tún kàn án. Màmá ní, "Ẹ farabalẹ̀, ẹ̀yin náà nìyẹn." Bàbá bá bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì láti ọdún márùndínláàádọ́ta, ó rò pé àìsàn ti da ọ̀tún àti òsì rú mọ́ òun lójú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ojú yín ò ṣì yín. Èmi ni mo yí i, ẹ̀bi mi ni." Mo fi èyí tí mi ò yí hàn án, kó lè rí i fúnra rẹ̀. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó sì di ojú. Ọ̀rẹ́, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́.

Bá mi kí ìyàwó, kó o sì gbé ọmọ mọ́ra fún mi. Kí Màmá yín, sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ sókè. Bàbá ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà láti òwúrọ̀, kò sì jẹ́ kí wọ́n wọ òmíràn fún òun; bọ́tìnnì ló ń fọwọ́ bà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó tì í kúrò. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Màmá mi ṣì wà níwájú rẹ̀, ó gbé aṣọ mẹ́ta dání, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ọ̀kan.

                                        Èmi ni tìrẹ, tí kò gbọ́ ìkìlọ̀,
                                        Alágídí.