Omi Kò Gbọdọ̀ Dà: Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Ayàwòrán Ilé

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ojúlùmọ̀, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ẹ lè bá wa dárò lónìí, ìdílé olóògbé ń kí yín, ẹ kú àbọ̀. Ní ọdún 1944 ni a bí Màmá wa, ní yàrá òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní òpópónà àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, níbi tí ariwo ayùn kì í ti í jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn. Bàbá wọn a máa kan ilẹ̀kùn, ìyá wọn a máa ránṣọ. Bàbá àgbà wọn náà, ilẹ̀kùn ni wọ́n kàn jẹun. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní òpópónà yẹn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ti ọwọ́ ìdílé náà jáde. Màmá nìkan ni ọmọ tó yè fún àwọn òbí wọn, wọ́n sì kẹ́ wọn bí ẹyin.

Ní ọdún 1950, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí olùkọ́ kan fi ránṣẹ́ pe bàbá wọn pé ọmọ yìí ń fi ẹ̀yìn ìwé ìṣirò ya ilé. Bàbá lọ, wọ́n wo àwọn ilé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí i pé kò sí ilẹ̀kùn lára ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ bá ọmọ wọn wí lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ.

Ní ọdún 1957, bàbá wọn ṣàìsàn, wọ́n sì kú sí yàrá òkè yẹn. Ohun tó tẹ̀ lé e kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́, ìyókù ìtàn yìí kò ní yé yín. Àtẹ̀gùn ilé náà há, ó sì yí lójijì ní agbedeméjì. Ẹni tó dùbúlẹ̀ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ọkùnrin inú ilé mú ilẹ̀kùn kan tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán, wọ́n fi okùn de òkú mọ́ ọn, wọ́n nà án ró, wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ kọ́bọ́ọ̀dù kalẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, orí bàbá gbá ògiri, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ. Ìyá wọn kígbe pé, "Ẹ rọra o! Ẹ má fi orí ọkọ mi gbá ògiri!" bí ẹni pé ó ṣì lè dun ọkọ wọn. Màmá wà lẹ́yìn, bàtà bàbá wọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Títí wọ́n fi darúgbó ni wọ́n ń sọ fún wa pé ìró yẹn kò kúrò létí àwọn. Ó máa ń dùn wá bí wọ́n bá ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ a kò mọ bàbá àgbà wa rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí ní kí wọ́n dáná sun ilẹ̀kùn náà. Màmá, tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé, yarí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn kò ṣẹ̀. Àtẹ̀gùn ló ṣẹ̀." Nígbà tí wọ́n wọ yunifásítì ní ọdún 1964 láti kọ́ nípa ilé yíyà, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà dání, wọ́n kan ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn, ó sì di tábìlì tí wọ́n ń yàwòrán lé lórí. Màmá nìkan ni obìnrin ní kíláàsì wọn. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ fi tábìlì yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, nígbà tó yá, wọ́n ń wá tọrọ àyè lórí ẹ̀ nítorí pé ó fẹ̀ ju tiwọn lọ.

Ní ọdún 1970, Màmá gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán ilé kan, ibẹ̀ sì ni àṣà tí ẹ mọ̀ mọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn bíríkìlà bá ti parí àtẹ̀gùn ilé kan, Màmá á ní kí òṣìṣẹ́ mẹ́rin gbé ilẹ̀kùn kan tí a kò tíì so, kí ó wà ní pẹrẹsẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á wá gbé abọ́ omi lé e láàárín. Àwọn mẹ́rin náà á gbé e láti yàrá òkè dé ìsàlẹ̀. Bí omi bá dà, àtẹ̀gùn di wíwó nìyẹn; ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, ìbínú onílé náà kò sì ràn án. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní ti Màmá, àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń wò. Àwọn lébìrà ló sọ wọ́n ní Ìyá Abọ́-Omi nígbà tí wọn kò tíì bí ọmọ kankan. Bí ọkọ̀ wọn bá ti yọ lókèèrè, ẹnì kan á pariwo pé, "Ẹ pọnmi o, ọ̀gá ti dé!"

Báyìí náà ni wọ́n ṣe pàdé bàbá wa. Ọ̀gá bíríkìlà ni Bàbá, wọ́n mọ iṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1972, omi dà lórí àtẹ̀gùn tí Bàbá kọ́, ó sì dà sórí bàtà Bàbá gan-an. Bàbá fárígá, wọ́n ní àwọn kò wó nǹkan kan. Màmá jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà, wọ́n ní kò burú, àwọn ń dúró. Bàbá wó o, wọ́n tún un kọ́, omi tún dà. Wọ́n tún un wó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó tó gún. Bàbá wá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn pé, "Obìnrin tó ní kí n wó iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, tó ṣì ń wù mí kí n rí i lọ́jọ́ kejì, ṣé kí n jẹ́ kó lọ ni?" Wọ́n ṣègbéyàwó ní ọdún 1973. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi Màmá léèrè ìdí tí wọ́n fi dúró sórí mẹ́rin, wọ́n á ní igun mẹ́rin péré ni ilẹ̀kùn ní. Àwàdà ni a pè é.

Màmá ṣí ọ́fíìsì tiwọn ní ọdún 1979, yàrá méjì lókè ilé olóògùn òyìnbó. Ní ọdún 1983, wọ́n ya ilé tiwa, Bàbá kọ́ ọ, abọ́ omi sì sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ láì mì. Lọ́dún yẹn kan náà, nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, Màmá dábàá pé kí ó di òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya àtẹ̀gùn tí ẹni tó dùbúlẹ̀ kò ní lè gbà kọjá. Àgbà ọ̀gá kan dìde, ó ní, "Ìyàwó wa, ilé la ń yà o, a kì í ya pósí." Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárúkọ ẹnì kan tó ń gbé inú àkọ́kọ́ tí kò ní wọ ìkejì." Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn, àmọ́ àbá náà kò kọjá. Nígbà tí Màmá délé, wọ́n pe àwa ọmọ jọ, wọ́n sì bẹ̀ wá ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n bẹ̀ wá rí: "Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, ẹ má nà mí ró."

Màmá fẹ́ràn ilé Ọlọ́run, wọ́n sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ nígbà náà máa ń sọ pé àdúrà Màmá kúrú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn lórí sìmẹ́ńtì kì í tán. Màmá náà ni wọ́n ya ilé ìgbẹ̀bí àdúgbò wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí yìí, inú ilé yẹn ni ẹ ti kọ́kọ́ ké.

Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé fi àmì ẹ̀yẹ dá Màmá lọ́lá fún iṣẹ́ tí ipa rẹ̀ kò lè parẹ́. Àgbà ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ pósí ló ka ìyìn wọn. Ó yin ilé báńkì onígíláàsì tí Màmá yà, ó yin ilé ẹjọ́, ó yin bí Màmá ṣe ń fọgbọ́n mú afẹ́fẹ́ wọ yàrá. Kò dárúkọ àtẹ̀gùn rárá. Màmá gba àmì ẹ̀yẹ náà, wọ́n dúpẹ́, bí wọ́n sì ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, wọ́n sọ sí i létí pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ há. Inú bí àwa ọmọ lọ́jọ́ náà. Màmá ló ń pẹ̀tù sí wa nínú títí a fi délé.

Ohun tó tẹ́ Màmá lọ́rùn dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nílùú kan tí wọn kò ti ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n ń kọjá lọ, wọ́n rí àwọn ọ̀dọ́ bíríkìlà mẹ́rin tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀ nínú ilé tuntun kan, abọ́ omi sì wà lórí ẹ̀. Màmá bi wọ́n léèrè ẹni tó kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ayé ti ń ṣe é tipẹ́." Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi délé. Wọ́n ní àmì ẹ̀yẹ àwọn gan-an nìyẹn.

Ní ọdún 2015, olè ń da àdúgbò wa láàmú, Bàbá sì ní kí wẹ́dà fi géètì onírin sí ibi tí àtẹ̀gùn ilé wa ti yí. Kò sẹ́ni tó ronú kan omi, àní Màmá pàápàá. Nígbà tí àìsàn wá dá Màmá dùbúlẹ̀ sí yàrá òkè, a ní kí a gbé wọn wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní yàrá tí àwọn fọwọ́ ara àwọn yà ni àwọn máa wà. Wọ́n wá ní kí a yọ ilẹ̀kùn yàrá kan, kí a fi dán àtẹ̀gùn wò. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé e, Bàbá bu omi sí abọ́. Níbi géètì, ilẹ̀kùn kọ́ irin, ó fì, omi sì dà wàà sórí àtẹ̀gùn. Màmá gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Ẹ̀rù bà wọ́n, a rí i lójú wọn. Wọ́n ní, "Bíi ti bàbá mi náà ni," wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A ní kí a pe wẹ́dà, wọ́n ní, "Ta ló ní kí wọ́n fi í síbẹ̀? Òun náà ni yóò yọ ọ́." Wọ́n mú ayùn tí a fi ń gé irin, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì ń gé e láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Iṣẹ́ kẹta tí wọ́n wó fún obìnrin kan náà nìyẹn. Màmá, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, sùn fọnfọn sínú ariwo ayùn náà. Nígbà tí a fẹ́ tún gbé ilẹ̀kùn dán an wò, Màmá ní kí a fi sílẹ̀, ó dọjọ́ náà.

Ọjọ́ náà dé ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù tó kọjá. Ọmọ ọgọ́rin ọdún ni Màmá. Wọ́n fi ọkọ wọn, ọ̀gá bíríkìlà, sáyé lọ. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: àkọ́bí tó jẹ́ olùkọ́, èkejì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀kẹta tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àti àbíkẹ́yìn tó gba ọ́fíìsì wọn, tó ń yalé. Wọ́n fi àwọn ọmọ-ọmọ sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ ẹsẹ̀ kúrò lára tábìlì ìyàwòrán Màmá, ó tún di ilẹ̀kùn bàbá wọn. A tẹ́ Màmá lé e. Nígbà tí a fẹ́ gbé e, Bàbá ní kí a dúró. Wọ́n lọ bu omi sí abọ́, wọ́n sì gbé e sí ibi ẹsẹ̀ Màmá. A di igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, a sì ń sọ̀kalẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, a rọra yí i, orí Màmá kò kan ògiri. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn náà yíká abọ́. Ó gbẹ. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, omi ò dà." Ìgbà náà ni Bàbá tó sunkún.

Ẹ sùn ire, Ìyá Abọ́-Omi. Ní ìdùbúlẹ̀ ni àwa gbé yín sọ̀kalẹ̀. Kí Ẹlẹ́dàá gbé yín gòkè bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.