Fóònù Yín Ṣì Ń Lé Ènìyàn Jáde

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá yín gbé níbi tí ẹ wà. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti àárọ̀, ẹ̀yin náà sì ni mo máa ń sáré bá tí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àwa tí à ń fẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Minna ni, èyí tí ẹ dá sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ rántí pé ẹ̀yin olùdásílẹ̀ lè yọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yọ yín. Ẹ ò yọ ẹnì kankan rí. Tí wọ́n bá mú yín bínú, ẹ ó pa fóònù, ẹ ó lọ jókòó síwájú ilé ní Limawa, ẹ ó máa họ irùngbọ̀n. A ò mọ bí agbára yẹn ṣe tóbi tó, àfìgbà tí fóònù yín bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Bùráímọ̀.

Nọ́ọ̀sì Salamatu, tó máa ń kéde fún wa tí aláìsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀, dábàá pé kí ẹnì kan má lè dá lé ọmọ ẹgbẹ́ mọ́, àfi tí ẹni mẹ́ta bá fẹnu kò. Bọ̀ọ̀dá fi fóònù yín yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Orúkọ yín ló hàn. Ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé ní Tunga pè mí, ó ní wallahi òun ò mọ̀ pé òkú ṣì ń bínú.

Láti ìgbà náà, ìkéde ò wọlé mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé aboyún kan á wà lórí bẹ́ẹ̀dì, àwa á sì jókòó sílé láìmọ̀. Mo bẹ Bọ̀ọ̀dá títí. Wọ́n ní, "Tí mo bá jẹ́ kí ẹgbẹ́ gba àṣẹ Bàbá, kí ló kù fún wa tó ń jẹ́ ti Bàbá?" Kí lẹ̀yin ì bá sọ, Bàbá?

Gbogbo ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí àbá náà, ṣùgbọ́n òfin lásán ni tí nọ́ńbà yín bá ṣì wà níbẹ̀. Àfi kó fúnra rẹ̀ jáde. Bọ̀ọ̀dá lọ sí Ìlọrin lánàá, wọ́n ní kí n máa bá wọn ṣáájì fóònù yín.

Mo ti ṣe é, Bàbá. Mo dá Nọ́ọ̀sì padà, mo fún òun àti ẹni méjì mìíràn láṣẹ kan náà, mo wá tẹ ibi tí wọ́n ti ń jáde. Ó hàn lójú fóònù gbogbo wa pé ẹ ti lọ. Mo sunkún bíi ti ọjọ́ tí ẹ kú.

Bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí báyìí. Ó rọrùn kí n ní ẹ wá bá mi lójú àlá, pé ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é. Wọ́n á gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ yín náà ni mo tún ń lò yẹn. Mo fẹ́ gbé ìpè náà. Màá ní èmi ni mo ṣe é.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ lójoojúmọ́.