Ilé Tí Wọ́n Kọ́ Lẹ́yìn Ogun

Màámi,

Láràárọ̀ níbí ní ìlú òyìnbó, bí mo bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́, màá rọra ti ilẹ̀kùn yàrá mi, màá di irin àtẹ̀gùn mú, màá sì dúró díẹ̀ ní àjà kẹta, bóyá ẹnì kan á jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyá àgbà kan jáde. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n sáré dì mí mú, wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, ẹni tó ń tún páìpù ṣe nìkan ló kúnlẹ̀ níwájú mi rí.”

Wọ́n ní, “Ìjọba ló kọ́ ilé yìí fún àwa tí bọ́ǹbù wó ilé wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí a kó dé. A ò ní ẹ̀rọ omi nínú ilé rí; odidi ọjọ́ kan ni mo fi ń ṣí i, tí mo ń tì í. A kì í ti ilẹ̀kùn nígbà náà. Nínú gbogbo àwa tí a jọ kó wá, èmi nìkan ló kù.”

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe orúkọ mi kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n pè. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn.

Ara mi le, ọ̀rẹ́ mi sì pọ̀, ẹ má ronú. Ìyá yẹn ní kí n máa wá jókòó ti àwọn nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹta rèé tí ìtìjú ò jẹ́ kí n kan ilẹ̀kùn wọn.

Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ sì fa àbúrò mi létí díẹ̀. Lọ́la, bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, màá kan ilẹ̀kùn ìyá yẹn.