Àgbà, Pẹlẹbẹ àti Bẹ́ẹ̀dì Màámi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Àbúrò mi ọkùnrin pè láàárọ̀. Mi ò tíì fọ ẹnu tán. Ó ní orúnkún Màámi ti kọ àtẹ̀gùn pátápátá. Òkè àjà kẹta ni òun ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí ìyá wa ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ìta gbẹ̀yìn. "Ọ̀dọ̀ yín ló kàn, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé tiyín kò ní àtẹ̀gùn." Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Ta ni kì í fẹ́ ìyá rẹ̀ nílé? Kí oṣù tó parí ni.

Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo tó bojú wo yàrá kékeré. Yàrá kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nílé yìí, ibẹ̀ náà ni Àgbà wà. Àgbà — kọ̀ǹpútà mi, tó ti wà níbí kí àbíkẹ́yìn mi tó mọ ìwé kà, tó máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Òun, tábìlì rẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, ìdì ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti ń ya àwòrán ilé fún àwọn kọ́lékọ́lé, ibẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá. Mo fi tépù wọn ògiri, mo tún un wọ̀n. Bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì Àgbà kò lè jọ gbé ibẹ̀. Ọ̀kan máa jáde.

Baálé mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá yàn láàrin Àgbà àti ènìyàn. Ó ní òun ò dá sí i o, torí Àgbà ni ọkọ àkọ́fẹ́ mi.

Ọlọ́pọlọ, àbíkẹ́yìn yẹn náà, fi ẹnu kan dá a: "Mọ́mì, ta ló tún ń lo kọ̀ǹpútà ńlá nílé? Ẹ gba tábúlẹ́ẹ̀tì mi, ẹ fi ṣiṣẹ́ wò. Tó bá ṣe é, kí Àgbà máa lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Pẹlẹbẹ dé. (Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn.) Kò nípọn ju ọmọrí ìkòkò lọ. Kí ni wọ́n rí kó sínú rẹ̀, tàbí kò tilẹ̀ ní inú?

Ọjọ́rú, 5

Háà. Kí n rọra kọ ọ́.

Mo ní kí Ọlọ́pọlọ bá mi kó àwọn àwòrán mi láti inú Àgbà sínú Pẹlẹbẹ. Mo rò pé iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan ni. Mo lọ gbé omi kaná, omi ò tíì hó, ó ní, "Mọ́mì, ó ti tán." Kí ló tán? Gbogbo ilé tí mo ti yà láyé mi! Wọ́n wà nínú ohun tí mo lè gbá mọ́ àyà. Mo jókòó nídìí iná níbẹ̀, mo ṣí ilé àkọ́kọ́ tí mo yà, ilé tíṣà kan tó bímọ púpọ̀ tí kò sì fẹ́ kí ariwo wọn dé yàrá òun. Mo ya ìka méjì síra lójú dígí. Ilé ń bọ̀ wá bá mi. Ó ń tóbi, ó ń tóbi, títí mo fi wọ ẹnu ọ̀nà, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo dé ìdí fèrèsé kan tí mo ti gbàgbé pé mo yà rí. Mo kó ìka jọ, ilé padà sẹ́yìn, ó di bí èékánná. Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe títí omi fi hó gbẹ.

Ẹnu yà mí, mi ò ní purọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ya ilé, ìta ni mo máa ń dúró sí wò wọ́n. Òní ni mo kọ́kọ́ wọlé.

Àgbà ń kùn ní yàrá kejì. Mi ò wo apá ibẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Pẹlẹbẹ bí mi nínú lówùúrọ̀. Ìka mi sanra ju ìlà lọ. Mo fẹ́ gbé ilẹ̀kùn, ó gbé ògiri. Mo fẹ́ gbé ògiri, ó gbé gbogbo ilé, ó ń gbé e kiri bí ẹni tí wọn ò rán níṣẹ́. Ọlọ́pọlọ yá mi ní bírò funfun kan tí kò ní yíǹkì nínú. Ó sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn ń dùn mí. Àgbà kì í jẹ́ kí n tẹrí ba, iwájú mi gan-an ló máa ń dúró, bí ẹni tó ń báni sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ni nǹkan yí padà. Bíríkìlà tó ń kọ́ ilé nọ́ọ̀sì pè mí pé balùwẹ̀ ò gba ilẹ̀kùn. Tẹ́lẹ̀ rí, màá lọ wò ó, màá padà wálé, màá tún un ṣe lára Àgbà, màá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó di ọjọ́ kejì. Lónìí mo dúró sáàárín iyanrìn àti búlọ́ọ̀kù, mo sì sún ògiri náà sẹ́yìn níṣojú gbogbo wọn. Bíríkìlà yọ fìlà. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un ṣe kí àwọn rí i dáadáa. Mo dá ògiri padà, mo tún un sún. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Bíríkìlà ní, "Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi rí nǹkan yìí o, Ìyá Ayàwòrán. Ojoojúmọ́ la ó máa sún ògiri nílé wa." Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo ya odidi ilé ìdáná lórí ibùsùn, mo na ẹsẹ̀. Baálé ní ta ni obìnrin yìí.

Ọjọ́ Ajé, 10

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò ní kí n jẹ́ kí káfíńtà wá wọn Màámi, kó lè ṣe èyí tó bá wọn mu. Ẹnu mi ò gbà á. Kí káfíńtà máa na tépù lé àgbàlagbà lára? A mọ ohun tí wọ́n máa ń wọ̀n wọ́n fún. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Ìyá mi ni, mo mọ̀ wọ́n, mi ò nílò tépù.

Obìnrin gíga. Kò sí àpótí ìtìsẹ̀ nílé wa nígbà tí a wà ní kékeré, torí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti wà lókè, Màámi la ó ké sí. Gílóòbù iná. Orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kálẹ́ńdà tí wọ́n máa ń kàn sókè ilẹ̀kùn lọ́dọọdún láìgun nǹkan kan. Tí wọ́n bá fẹ́ bá wa wí, wọ́n á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí ojú wọn tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá wa a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé torí owó àkàsọ̀ ni òun ṣe fẹ́ wọn.

Mo ya bẹ́ẹ̀dì gígùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúkúrú nítorí orúnkún, igi ìgbámú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà mo ya ènìyàn lé e lórí, bí mo ṣe máa ń yà á sínú yàrá kí onílé lè mọ bí àyè ṣe tó. Obìnrin kan tó nà gbọọrọ. Ìmọ́lẹ̀ Pẹlẹbẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ó tàn yòò. Mo wò ó, mo wò ó. Ìka mi yìí ló ya ìyá mi sójú ìmọ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo tẹ Pẹlẹbẹ níhìn-ín, ìwé jáde lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́hùn-ún. Wáyà kankan ò sí láàárín wọn! Mo pe Baálé wá wò ó.

Olóhùn-kan wá gba àwòrán bẹ́ẹ̀dì. Káfíńtà wa ni. Gbólóhùn kan ló máa ń sọ, ó tán. Èmi àti ẹ̀ ní àṣà tiwa: èmi kì í kọ òǹkà sára àwòrán, òun kì í béèrè. Rúlà ló máa ń gbé lé ojú ìwé, íǹṣì méjì lórí ìwé, ẹsẹ̀ bàtà kan lára pákó. Ó ní òǹkà lè ṣì í kọ, ṣùgbọ́n ìlà ò mọ irọ́ pa. Iṣẹ́ tí a ti jọ ṣe ò lóǹkà, a ò sì tíì jìyà rẹ̀ rí. Ó wo ìwé, ó ní, "Ó yé mi." Ó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo ti pinnu. Pẹlẹbẹ tó. Àgbà máa lọ. Ọkùnrin tó ń tẹ̀wé ní igun òpópó á wá gbé e lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Mo pa á. Ojoojúmọ́ ni mo ń pa á tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tòní yàtọ̀. Kíkùn rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí kò fi sí mọ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé yàrá yẹn lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Baálé bá mi gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun àti tábìlì. Kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan. Ó fi aṣọ bò ó, ó ní nítorí eruku.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mo fọ yàrá. Ojú ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílẹ̀. Ọṣẹ ò ràn án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Bẹ́ẹ̀dì dé. Yéè!

Ó rẹwà. Ó dán, igi ìgbámú wà níbi tó yẹ, kò sí ohun tó yingin. Àmọ́ ó kéré. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ilé ìwé! Mo figbe ta. Mo ní ṣé kò rí i pé ó kúrú ni. Olóhùn-kan ò bínú. Ó ní, "Ohun tó wà nínú ìwé ni." Ó fa ìwé yọ lápò, ó gbé rúlà lé e, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Òótọ́ ni. Ohun tí ìwé wí ló ṣe.

Ọlọ́pọlọ ló wo Pẹlẹbẹ tó sì mi orí. "Mọ́mì, àwòrán yín tóbi ju ìwé lọ. Ó sún un kì kó lè gbà." Ta ló ní kó sún un kì? Kò sẹ́nì kankan. Ó ṣe mí lóore tí mi ò bẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ Àgbà ni, ohun tí kò bá gba ojú ìwé, á gé e sọnù, wàá fojú ara rẹ rí i pé bẹ́ẹ̀dì ò lẹ́sẹ̀. Ọlọ́pọlọ ní ibì kan péré ló yẹ kí n tẹ̀ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ibẹ̀. Gbogbo ìyanu yẹn ti wọ̀ mí lójú débi pé mi ò rántí gbé rúlà lé ìwé wò.

A ká aṣọ kúrò lórí Àgbà, Ọlọ́pọlọ dá àwòrán padà sínú rẹ̀, mo tẹ bẹ́ẹ̀dì náà jáde lára rẹ̀ lórí ìwé méjì tí mo lẹ̀ pọ̀. Mo gbé rúlà lé e. Ó pé. Mo pe oníṣẹ́ ìtẹ̀wé pé kó má wulẹ̀ wá. Kí n sọ òótọ́, ara tù mí.

Ṣùgbọ́n Màámi ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Olóhùn-kan ò ní pákó títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gé fóòmù tí mo ti rà sílẹ̀. Nítorí kíkúrú bẹ́ẹ̀dì, àyè ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Baálé sì ti tábìlì padà sójú ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àgbà àti bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá kan. Ohun tí mo ń wá kiri rèé, mi ò sì lè yọ̀. Obìnrin gíga, kó máa ká ẹsẹ̀ kò nílé ọmọ rẹ̀! Mo sunkún díẹ̀ lórí fóòmù.

Ọjọ́bọ̀, 20

Màámi dé.

Àbúrò dì wọ́n mú sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Láti ìgbà tí orúnkún ti bẹ̀rẹ̀, orí àga ni mo máa ń bá wọn tí mo bá lọ sílé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn lórí ìdúró. Mo sáré lọ dì mọ́ wọn. Àgbọ̀n mi balẹ̀ sí orí wọn. Sí àárín orí wọn gan-an.

Kí wọ́n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀dì yìí kúrú, àṣìṣe mi ni, ẹ fara dà á di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n jókòó, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn balẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n dùbúlẹ̀. Wọ́n na ẹsẹ̀. Wọ́n nà án tán, àyè ṣì ṣẹ́ kù níbẹ̀ tí ìrọ̀rí lè gbà.

Ó bá wọn mu gẹ́gẹ́.

Wọ́n fọwọ́ pa igi ìgbámú, wọ́n ní, "Ìgbà wo lẹ wọ̀n mí?"

Mo ní kò sẹ́ni tó wọ̀n wọ́n.

"Irọ́ ni. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀dì yìí mọ̀ mí." Wọ́n tẹ́tí. "Kí ló ń kùn níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní kọ̀ǹpútà mi ni, pé ṣé kí n pa á.

"Má pa á. Ohun tó bá ṣì ń kùn ò tíì kú." Wọ́n rẹ́rìn-ín ara wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn fa kọ́tìnnì, oòrùn wà lójú, ọwọ́ àwọn ò sì tó òkè yẹn mọ́. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Mo nawọ́, mo fà á.

Wọ́n ti sùn báyìí. Ọ̀sán ni. Ẹ̀gbẹ́ Àgbà ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti pe Olóhùn-kan pé kó má ra pákó kankan. Mo gbé Pẹlẹbẹ, mo ṣí àwòrán bẹ́ẹ̀dì láti tún un ṣe, kó lè bá èyí tó wà níwájú mi dọ́gba. Mo fi ìka fa bẹ́ẹ̀dì kúrú. Ó gbà, kò ṣòro rárá. Ó wá ku obìnrin tí mo yà sórí rẹ̀, tó nà gbọọrọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta gan-an kọjá igi.

Mo gbé bírò lé e láti gé e kù. Ọwọ́ mi kọ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.