Ọ̀gágun Adéjọbí Ọdúntán (1930–1979) àti Àga Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Ń Wò

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa dárò, láti Iléṣà, láti Òṣogbo àti láti ọ̀nà jíjìn, ilé Ọdúntán kí yín. Àwa àgbà ẹbí tí a pọn Adéjọbí ní kékeré ni a ní kí wọ́n kọ ìtàn yìí, nítorí náà ẹ má bínú bí a bá ń pè é bí ẹni tí ń pe ọmọ rẹ̀. Ẹ ó máa bá orúkọ Amos, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pàdé níbi púpọ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ẹ ó máa sọ ọ́ sí ara yín létí lórí ìjókòó. A mọ̀ yín.

Ọdún 1930 ni a bí Adéjọbí ní Òkè-Èṣà, ní Iléṣà. Joshua Ọdúntán ni baba rẹ̀, òṣómàáló tí ó ń gbé aṣọ títà kiri láti ìlú dé ìlú. Òwò aṣọ yìí ni ó gbé Joshua dé Òṣogbo, níbi tí ó ti rí Kàdíjátù, ọmọ Sàláúdéènì aláró, tí ó sì fi í ṣe aya kejì. Ìyálé ti bí Amos ní ọdún mẹ́fà ṣáájú. Ọbàkan ni àwọn méjèèjì, baba kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó bá sì ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí kò nílò àlàyé. Bí Joshua bá ti ìrìn àjò dé, Adéjọbí ni yóò gbé lé itan, Amos ni yóò rán lọ pọn omi ìwẹ̀. Amos ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kí ó tó dẹ́kun àtimáa sọ ọ̀rọ̀ omi ìwẹ̀ yìí, bí ó bá tilẹ̀ ti dẹ́kun.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn méjèèjì lọ. Amos di olùkọ́. Ní 1952, Adéjọbí wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà náà, ta ni í fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún sójà? Joshua kò jẹun fún odindi ọjọ́ kan, Amos nìkan ni ó ń sọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n rán Adéjọbí lọ láti kọ́ iṣẹ́ ọ̀gá. Ọjọ́ tí ó padà dé ní 1956, tòun ti ìràwọ̀ lórí èjìká, gbogbo àdúgbò tú jáde wá wò ó. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi Amos ṣe olùkọ́ àgbà ní Iwaraja. Kò sí ẹni tí ó rántí kí i.

Ní 1958, Adéjọbí fi òrùka fẹ́ Phebe, ọmọbìnrin kan tí ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà. Àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ti Òṣogbo wá pẹ̀lú làwàní wọn, wọ́n jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ẹ́ títí ìsìn fi parí. Bẹ́ẹ̀ ni Adéjọbí ṣe gbé gbogbo ìgbé ayé rẹ̀. Ó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í jẹ́ kí ọdún Iléyá kọjá láìjẹ́ pé ó dé Òṣogbo lọ kí ìyá rẹ̀ títí Kàdíjátù fi dolóògbé ní 1974.

Àárín 1960 sí 1966, òkè òkun àti ilẹ̀ Hausa ni Adéjọbí wà. Ìgbà yẹn ni ìgbà Amos. Ìlú dìbò yàn án sí ìgbìmọ̀ ìlú, òun ni ó jà títí omi ẹ̀rọ fi dé Òkè-Èṣà, àga kì í sì í ṣófo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Tọkọtaya tí ó jà, ọmọ ìyá tí ó ń du oko kòkó, ọ̀dọ̀ Amos ni gbogbo wọn ń gbà lọ. Ó wá ku díẹ̀ kí ó gbapò alága ìgbìmọ̀ nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìíní 1966, tí wọ́n sì tú gbogbo ìgbìmọ̀ ká. Adéjọbí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ẹnu iṣẹ́ ni ó wà bíi sójà yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún Amos. "Ìjọba àbúrò mi ló lé mi lórí àga," ni ó ń wí fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Ogun abẹ́lé dé. Adéjọbí wà lójú ogun nígbà tí Joshua baba wọn kú ní 1968, kò sì lè wálé. Amos ni ó sin baba, ó sì sin ín dáadáa, ìlú yìn ín. Nígbà tí ogun parí ní 1970, Adéjọbí wálé nínú aṣọ ológun, èrò kún ìta bámúbámú. Amos jókòó lórí àga baba wọn, ó ń dúró de ìdọ̀bálẹ̀ àbúrò fún ẹ̀gbọ́n. Adéjọbí dé iwájú rẹ̀, ó nà ró ṣánṣán, ó sì gbé ọwọ́ sí orí fìlà, ó kí i ní kíkí ológun. Èrò hó yèè. Ojú Amos kò rí nǹkan mìíràn ju pé àyà Adéjọbí kò kan ilẹ̀. Ó dìde, ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Àwọn ológun kì í fi aṣọ ìjọba dọ̀bálẹ̀. Adéjọbí fẹ́ wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ kí ó tó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ó ti yẹ. Àwa tí a wà níbẹ̀ la sọ èyí fún Amos títí ó fi sú wa. Ó ní bí ó bá ti wu ènìyàn, yóò ti pààrọ̀ aṣọ ní mọ́tò.

Wọ́n fi Adéjọbí jẹ Ọ̀gágun, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1975. Ó kọ́ ilé alájà méjì sí iwájú ilé Amos, ojú kan ojú. Ó máa ń sọdá ní àárọ̀ nínú bùbá àti ṣòkòtò láti wá dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n bí Amos bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ni yóò gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Bí wọ́n bá sì pàdé lójú ọ̀nà, Amos a ní, "Ọ̀gágun, ẹ kú ìrìn o," bí ẹni tí ń kí àlejò. Ó bí wa nínú nígbà náà, ó sì tún ń bí wa nínú bí a ti ń kọ ọ́ yìí.

Ìjọba ṣí òṣèlú sílẹ̀ ní 1978. Gbogbo ẹni tí ó mọ Amos mọ̀ pé àga Ilé Aṣojú-Ṣòfin ní Èkó ni ó kù tí ó ń fẹ́ láyé. Ó ti lọ sí Itagunmodi, ó ti lọ sí gbogbo abà tó yí i ká, ó ti bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀. Àfi bí Ọ̀gágun náà ṣe ní òun yóò du àga kan náà. Ẹgbẹ́ pe ìpàdé pé kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yan ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì. Amos kọ́kọ́ dìde. "Ilé ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo ló mọ̀," ni ó wí. "Ẹni tí kò lè pe ilé ní ulé bí Ìjẹ̀ṣà ti ń pè é, òun lẹ fẹ́ rán lọ ṣojú Ìjẹ̀ṣà?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Adéjọbí dìde nínú agbádá funfun, ó rìn dé iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní, "Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. Mo ṣì ń kọ́ ọ." Inú ìpàdé dàrú fún àtẹ́wọ́. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni ó gba àga náà lọ́wọ́ Amos. Amos wo ilẹ̀, kò sì rí ibi tí yóò gbà jáde.

Adéjọbí wọlé ìbò ní 1979, ó sì búra ní oṣù kẹwàá. A kò mọ ẹni tí Amos dìbò fún, a kò sì bi í. Oṣù kan péré ni Adéjọbí lò lórí àga náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣánlẹ̀ ní Èkó, ó sì dákẹ́ ní oṣù kọkànlá, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.

Ní ọjọ́ kẹta ikú rẹ̀, Phebe opó sọdá sí ilé Amos. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi. Ọkọ mi ò nífẹ̀ẹ́ àga Èkó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ló ń jowú. Tó bá jí, ojú fèrèsé ló máa ń dúró sí, á máa wo èrò tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Á ní, 'Wò ó, wọ́n tún ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló ń wá bá èmi, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ kí n bá òun wáṣẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi ló sin bàbá wa. Ẹ̀gbọ́n mi nìlú mọ̀.' Ó rò pé bí òun bá wọlé ìbò, wọ́n á máa wá jókòó ti òun náà." Amos ní kí wọ́n bá òun ti fèrèsé iwájú.

Àwọn tí Ọ̀gágun fi sílẹ̀ sáyé ni Phebe aya rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀, Susannah, Ọlátúnjí àti Sẹ̀gilọlá. Àwọn ọmọ-ọmọ méjì tí Susannah bí. Raliat àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ní Òṣogbo. Àti Amos ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nínú ilé wa, ẹ̀gbọ́n kì í tẹ̀lé òkú àbúrò dé itẹ́. Ẹ kò ní rí Amos níbẹ̀ lónìí, ẹ má ṣe fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá bá a ní àná. Wọ́n ní àga Èkó ti ṣófo, gbogbo àwọn ti fẹnu kò pé òun ni kí ó wá gbà á, kò sí ẹni tí yóò bá a dù ú. Amos ní, "Lọ́wọ́ ta ni kí n ti gbà á?" Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò gbà.

Bí ẹ bá ti itẹ́ bọ̀, ẹ bá wa yà kí Amos. Adéjọbí, ọmọ Joshua, ọmọ Kàdíjátù, kí ilẹ̀ tù ọ́ lára, kí Ọlọ́run fi ọ̀run rere kẹ́ ọ. Sùn re o.